Ẹ mọ ìdọ̀tí yẹn lórúkọ kẹ́ ẹ tó gbé kànrìnkàn: bí mo ṣe ń fọ ilé onílé tí mo fi ń jẹun

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ẹni tó bá ti lè gbálẹ̀ yàrá ẹ̀ ti mọ iṣẹ́ yìí nìyẹn, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi rò bẹ́ẹ̀, torí kò sẹ́ni tí wọn ò jí ní ìdájí nígbà tó wà ní kékeré pé kó lọ gbá àyíká, kó fọ abọ́ àná, kó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kó tó lọ síléèwé. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ èèyàn àti ilé onílé, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n o. Tẹ́ ẹ bá ba nǹkan jẹ́ nílé yín, màmá yín á pariwo, ó tán síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá da nǹkan tí kò yẹ sórí mábù ẹni ẹlẹ́ni, owó tí wọ́n máa ní kẹ́ ẹ san lè gbé gbogbo ohun tẹ́ ẹ pa lóṣù mẹ́ta lọ.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe é l'Ékòó. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì àti mọ́ọ̀pù kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní Surulere, àwa márùn-ún la jọ ń jáde báyìí. Ohun tí mi ò rẹ́ni sọ fún mi nígbà yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, àwọn kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ pé owó ara mi ni mo fi kọ́ ọ.

Ìbéèrè méjì

Kẹ́ ẹ tó fi omi kan ohunkóhun, ẹ dúró, ẹ wò ó dáadáa. Ẹ bi ara yín pé kí ni ìdọ̀tí yìí gan-an, kí ló sì wà lábẹ́ ẹ̀? Èmi ò mọ nǹkan míì tó ya klínà gidi sọ́tọ̀ lára ẹni tó kàn ń fi agbára gbo nǹkan.

Torí ìdọ̀tí pé oríṣiríṣi. Ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná, ọṣẹ àti omi gbígbóná ló ń gbọ́. Nǹkan funfun tó dì sẹ́nu ẹ̀rọ omi àti sára gíláàsì báàfù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dọ̀la kò ní mira, ohun tó bá kan ló ń gbọ́, bí ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà, àti àwọn nǹkan tó ní ásíìdì nínú. Eruku ọyẹ́ ò fẹ́ rí omi rárá níbẹ̀rẹ̀, tẹ́ ẹ bá bu omi lé e ẹrẹ̀ lẹ pò yẹn, ẹ máa nù ún láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ilà ò ní tán lára lúfà. Èéhù dúdú tó ń hù lára ògiri báàfù, ẹ lè fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní, tó bá jẹ́ pé páìpù ló ń jò lẹ́yìn ògiri yẹn kò ní pẹ́ tá á fi padà wá, ẹ tètè sọ fún onílé kó pe púlọ́ńbà kó má baà rò pé iṣẹ́ yín ni ò dáa.

Àwọn ìyá wa sì ti mọ gbogbo èyí tipẹ́. Eérú ni ìyá ìyá mi fi ń fọ ìkòkò tí ọ̀rá ti gan mọ́. Omi eérú èèpo kòkó náà ni wọ́n ń sè mọ́ àdín tó fi ń di ọṣẹ dúdú. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ idẹ títí tá á fi máa dán. Ewé eépín ni wọ́n fi ń ha igbá àti igi, torí ojú ewé yẹn le ṣákaṣàka. Eérú fún ọ̀rá, kíkan fún ohun tó dì, eépín fún ohun tó fẹ́ híha. Kò sí ilé tí mo wọ̀ tí mi ò lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú ike aláwọ̀ mèremère ni wọ́n kàn wà báyìí.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà ní Jámánì, Herbert Sinner, òun ló to ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ ní 1959, ó ní nǹkan mẹ́rin ló ń mú ìdọ̀tí kúrò: ọṣẹ tàbí kẹ́míkà, ọwọ́ tó ń gbo, ooru, àti àkókò, pé tẹ́ ẹ bá dín ọ̀kan kù, ẹ gbọ́dọ̀ fi kún òmíì. Àkókò yìí ni àwọn èèyàn wa kì í lò. Wọ́n á fi ọṣẹ kun nǹkan, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbo ó bí ẹni ń jà, apá á máa ro wọ́n, lálẹ́ wọ́n á máa wá ẹni tó máa fi àbóníkí ra wọ́n lẹ́yìn. Ẹ fi ọṣẹ kun sítóòfù yẹn, ẹ fi sílẹ̀, ẹ lọ gbọn eruku pálọ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá máa fi padà dé ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀rá yẹn ti rọ̀, ẹ kàn máa nù ún ni. Ẹ má ṣáà jẹ́ kí ọṣẹ gbẹ mọ́ ọn.

Tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan lápá Ajah

Ẹ jẹ́ n sọ ti ibì kan kó lè yé yín dáadáa. Màmá kan ló pè wá lápá Ajah. Àwọn tó ń gbé ọ̀hún mọ omi ibẹ̀, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu ẹ̀rọ jáde ó lè mọ́ gaara, ẹ gbé e kalẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì fún wákàtí díẹ̀, ó ti pọ́n bíi tíì tí wọn ò tíì fi mílíìkì sí. Irin ló wà nínú omi yẹn, atẹ́gùn ló pàdé. Màmá ní oṣù kẹrin rèé tóun ti ń da bílíìṣì sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn lálaalẹ́, pé bóun ṣe ń dà á ló ń dúdú sí i, òun sì ti ra oríṣi mẹ́ta.

Mo kúnlẹ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wò ó. Ilà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ètè àwo yẹn níbi tí omi ń gbà jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ tààrà bí omi ṣe ń ṣàn, ó wá fẹ̀ nísàlẹ̀ níbi tí omi ń dúró sí. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó kù mọ́. Ìdọ̀tí èèyàn kì í tẹ̀ lé ọ̀nà omi báyẹn. Mo fi èékánná ha á, kò ṣí, ó dán bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀dà kùn ún. Irin tó dógùn-ún ni, bílíìṣì kì í sì í mú irin kúrò, ńṣe ló ń jẹ́ kó dógùn-ún sí i kó sì lẹ̀ pinpin. Gbogbo owó tí màmá ti ná yẹn, ìdọ̀tí ló fi ń bọ́.

Ohun tá a ṣe rèé. A ṣí wíńdò. A fi omi ṣan tọ́ílẹ́ẹ̀tì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta kí bílíìṣì kankan má ṣẹ́ kù síbẹ̀. A bu omi ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrò kó má baà pò ohun tá a fẹ́ dà síbẹ̀ lómi jù. Mo wọ gílọ́ọ̀fù tó dé ìgúnpá, mo rẹ tíṣù sínú omi tí wọ́n fi ń yọ dógùn-ún, èyí tó ní ásíìdì nínú, mo tẹ́ tíṣù yẹn lé ilà yẹn lórí láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè dúró sójú kan, torí tẹ́ ẹ bá kàn dà á síbẹ̀ ṣíṣàn ló máa ṣàn lọ. Ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo ká tíṣù yẹn kúrò ó ti pọ́n bí epo, mo fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fà á lẹ́ẹ̀mejì péré, funfun yọ. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Irin ni? Mo mà ti na àwọn ọmọ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí o."

Kò ju ìṣẹ́jú márùndínlógójì lọ. Ohun tó sanwó fún ò ju pé a mọ ohun tó ń jẹ́. Mo tún sọ fún un pé irin ṣì wà nínú omi ẹ̀, kó wá fi fíltà tó ń sẹ́ omi sí ẹnu tánkì, tí kò bá ṣe é á máa pè wá lóṣooṣù, mo mọ̀ pé owó ni mo lé kúrò lápò mi yẹn ṣùgbọ́n oníbàárà márùn-ún ni màmá yẹn ti mú wá látìgbà náà.

Bílíìṣì: ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí

Tẹ́ ẹ bá máa fo gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ má fo èyí. Bílíìṣì, ì báà ṣe Hypo, ì báà ṣe Jik, ì báà ṣe èyí tí wọ́n ń bù tà nínú ìgò lójú pópó, kò gbọdọ̀ pàdé nǹkan kan àyàfi omi. Tó bá pàdé ọṣẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ní ásíìdì tàbí omi tí wọ́n fi ń yọ dógùn-ún, gáàsì kúlórììnì ló máa jáde, gáàsì yẹn náà ni wọ́n tú sí àwọn sójà ní Ypres, nílẹ̀ Belgium, lọ́dún 1915. Tó bá pàdé amóníà, tó wà nínú àwọn omi kan tí wọ́n fi ń nu gíláàsì, gáàsì burúkú míì ló máa jáde. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ náà ní amóníà nínú o, torí náà ẹ fi omi ṣan ilẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì tó ń rùn fún ìtọ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé bílíìṣì débẹ̀.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ da bílíìṣì àti ásíìdì pọ̀ ní báàfù kékeré kan tí wíńdò ẹ̀ ò ṣí, ó ní òun fẹ́ kó lágbára ni. Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀ láti pálọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ ojú ẹ̀ ti pọ́n, omi ń dà lójú ẹ̀ gbararara, kò lè sọ̀rọ̀. Mo fà á jáde sí báńkónì, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a kúrò nínú ilé yẹn fún bíi wákàtí kan, láti ibẹ̀ mo gbé e lọ sí ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni àyà fi ń dùn ún. Ọrùn mi lẹ̀bi ẹ̀ wà, torí èmi ni mo gbé ike méjèèjì fún un tí mi ò sọ nǹkan kan. Látọjọ́ yẹn, bílíìṣì àti ásíìdì kì í wọ báàgì kan náà lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í sì í fọwọ́ kan ike kankan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àfi ọṣẹ abọ́. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ jáde ni, ẹ má dúró pé ẹ fẹ́ da omi sí i.

Bẹ́ ẹ ṣe máa pò ó nìyí. Ẹ wo ẹ̀yìn ike, wọ́n á kọ iye pàsẹ́ńtì bílíìṣì tó wà nínú ẹ̀. Láti pa kòkòrò àrùn lórí ilẹ̀ àti tábìlì, 0.1 pàsẹ́ńtì ti tó. Tí ike bá sọ pé 3.5, ẹ fi 0.1 pín in, ó di 35, ẹ yọ ọ̀kan kúrò, ìwọ̀n bílíìṣì kan sí ìwọ̀n omi 34 nìyẹn, ìyẹn bíi ṣíbí ìjẹun méjì sí omi lítà kan. Tó bá jẹ́ 5 ló kọ, ìwọ̀n kan sí 49. Omi tútù ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo omi gbígbóná. Èyí tẹ́ ẹ bá pò lónìí, ẹ má gbé e pamọ́ di ọ̀la, agbára ẹ̀ á ti lọ. Bílíìṣì ò sì fọ nǹkan o, kòkòrò ló ń pa. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ ṣàn án, kẹ́ ẹ tó fi bílíìṣì kùn ún, kó wà níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ìdọ̀tí tó bá wà níbẹ̀ ló máa jẹ agbára ẹ̀ tán. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníbàárà ń fi imú díwọ̀n ilé tó mọ́, tí òórùn Izal ò bá ti gba gbogbo ilé wọ́n á ní a ò ṣe nǹkan kan, ẹ máa fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn, ilé tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn.

Ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀

Ìbéèrè kejì yìí ló ń ba owó jẹ́. Mábù, òkúta tó ń bẹ̀rù ohun kíkan ni. Ọsàn, fínígà, ọṣẹ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, èyíkéyìí tó bá kàn án ó máa jẹ ojú ẹ̀, ibẹ̀ á wá fọ́jú, kò ní dán mọ́. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má gbo ó mọ́, kò sí ọṣẹ tó ń dá a padà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ dán mábù lẹ máa pè. Tẹ̀ràsó náà bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ olómi-símẹ́ńtì tó ní òkúta wẹ́wẹ́ tó wà ní àwọn ilé àtijọ́ ní Surulere, ní Bódìjà n'Íbàdàn, ní Yaba, ọ̀pọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ mábù ni. Mo ti rí tẹ̀ràsó tí bàbá onílé kan kọ́ tí àwọn klínà da ásíìdì sí torí kó lè tètè funfun, ẹwà tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n kọ́lé yẹn lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ilẹ̀ báyẹn, ọṣẹ tí kò le, omi tó mọ́, mọ́ọ̀pù tí wọ́n fún dáadáa, ó tó.

Ẹ má fi kọ́sítíìkì kan àlùmínì, ì báà ṣe ìkòkò ì báà ṣe férémù wíńdò, jíjẹ ló máa jẹ ẹ́. Kànrìnkàn onírin ò gbọdọ̀ kan síńkì tó ń dán tàbí ojú fìríìjì. Tí nǹkan kan ò bá dá yín lójú, ẹ wá kọ̀rọ̀ kan tí ojú ò tó, ẹ kán ọṣẹ yín díẹ̀ síbẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ nù ún, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Bí iṣẹ́ ọjọ́ kan ṣe ń lọ

Òkè lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ máa parí sí. Gbígbẹ ló máa ṣáájú, omi ló máa kẹ́yìn. Inú pátápátá lẹ ti máa wá sí ẹnu ọ̀nà, kẹ́ ẹ má baà tún tẹ ibi tẹ́ ẹ ti nù. Àwa a máa kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo yàrá ká tó fọwọ́ kan nǹkan, pàápàá ibi tó ti là tàbí tó ti yọ tẹ́lẹ̀, torí ọjọ́ tẹ́ ẹ ò bá ya fọ́tò ni wọ́n máa sọ pé ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ.

A pa sítóòfù àti fìríìjì láti ara ṣọ́kẹ́ẹ̀tì. A fi ọṣẹ kun ibi tó le jù, sítóòfù, tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ògiri báàfù, ká jẹ́ kí àkókò máa bá wa ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà jàǹkárìwọ̀ lókè àjà. Fáànù òkè, ẹ mú àpò ìrọ̀rí àtijọ́, ẹ fi wọ apá fáànù kan bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ fà á padà sọ́dọ̀ ara yín, gbogbo eruku á bọ́ sínú àpò, kò ní já sórí bẹ́ẹ̀dì. Lúfà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi aṣọ ìnuǹkan tútù nù ún níkọ̀ọ̀kan. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tó bá ṣe é yọ, ẹ yọ ọ́ lọ síta. Ọ̀rọ̀ wíńdò òkè, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lára àwọn ọmọ mi dúró sórí etí wíńdò síta, ì báà ṣe ilé alájà kan ṣoṣo, owó tó lè san ẹ̀mí èèyàn ò sí.

Aṣọ ìnuǹkan wa ní àwọ̀: pupa fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì, àwọ̀ ewé fún ilé ìdáná, búlúù fún yàrá àti pálọ̀. Kò sí ìjà nínú ẹ̀, ẹni tí mo bá rí tó fi pupa nu tábìlì oúnjẹ, ilé ló ń lọ lọ́jọ́ yẹn. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan ọṣẹ, ọ̀kan omi tẹ́ ẹ fi ń ṣan mọ́ọ̀pù, ẹni tó bá ń lo ẹyọ kan, ìdọ̀tí yàrá àkọ́kọ́ ló ń pín kiri gbogbo ilé. Ẹ sì fún mọ́ọ̀pù yẹn, omi tó pọ̀ jù ló ń jẹ́ kí táìlì ní ilà tẹ́ ẹ bá wò ó lójú oòrùn.

Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ló le jù, òun náà ló sì lówó jù. Símẹ́ńtì, ọ̀dà, gúlúù, ìyẹ̀fun POP tó wọ inú gbogbo ihò. Ẹ gbá a gbẹ lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó bu omi. Ọ̀dà lára gíláàsì, ẹ fi omi ọṣẹ rẹ ẹ́ dáadáa, ẹ lo abẹ tuntun, ẹ dẹ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ tì í síwájú nìkan, ẹ má fà á padà, torí iyanrìn tó bá wà lábẹ́ abẹ ló máa ha gíláàsì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́lé ná tó bá jẹ́ gíláàsì tí wọ́n fi iná le, kó fọwọ́ sí i pé ẹ lè fi abẹ kàn án, torí ara àwọn kan máa ń ní hóró wẹ́wẹ́ tí abẹ lè fà. Símẹ́ńtì lára táìlì ń fẹ́ ásíìdì tí wọ́n ti pò lómi dáadáa, ẹ rẹ táìlì yẹn lómi ṣáájú kó má baà mu ásíìdì, ẹ ṣàn án púpọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ mábù, ẹ padà lọ ka òkè.

Owó

Ẹ má fi fóònù dá iye. "Flat yàrá mẹ́ta, èló ni?" Mi ò mọ̀, àfi tí mo bá rí i, torí yàrá mẹ́ta tí tọkọtaya kan ń gbé àti yàrá mẹ́ta tí ayálégbé kan fi ọdún mẹ́fà dín ẹja nínú ẹ̀, ẹ ò lè gba iye kan náà. Ẹ lọ wò ó, ẹ ka tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ẹ ka wíńdò, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síńkì, ibẹ̀ ló ń sọ òtítọ́ ilé. Ẹ béèrè bóyá omi wà, bóyá iná wà. Mo ti lọ ibi iṣẹ́ kan tó jẹ́ pé a fi ìdajì ọjọ́ pọn omi gun àtẹ̀gùn ni.

Ẹ jẹ́ ká fi owó kan ṣàpẹẹrẹ, iye tiyín lè yàtọ̀. Tí iṣẹ́ bá fẹ́ èèyàn mẹ́ta fún ọjọ́ méjì, tí owó ẹnì kan lójúmọ́ bá jẹ́ ₦10,000, ₦60,000 nìyẹn. Owó ọkọ̀ ₦3,000 fún ẹnì kan lójúmọ́, ₦18,000. Ọṣẹ, gílọ́ọ̀fù, abẹ, ₦22,000. Ó ti di ₦100,000, ẹ ò sì tíì jèrè kọ́bọ̀. Ẹ fi bíi ọgbọ̀n lé nínú ọgọ́rùn-ún, torí mọ́ọ̀pù ń gbó, ẹ̀rọ tó ń fa eruku ń bàjẹ́, ọjọ́ tí iṣẹ́ ò sí ẹ ṣì máa jẹun, ó di ₦130,000. Àwọn tó ń já owó iṣẹ́ yìí wálẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò ka owó ọkọ̀ àti agbára ara wọn mọ́ ọn ni, lẹ́yìn oṣù mélòó kan wọ́n á ní iṣẹ́ yẹn ò lérè. Ẹ gba ìdajì kẹ́ ẹ tó ra ọṣẹ. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe àtohun tẹ́ ò ní ṣe sínú WhatsApp ránṣẹ́ sí wọn: fífọ sófà ò sí nínú ẹ̀, fífọ aṣọ ò sí nínú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olè náà ń bẹ, ká má tan ara wa. Tí wúrà bá sọnù lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ rántí. Èèyàn méjì méjì la máa ń wọ yàrá onílé, a máa ń ní kí àǹtí tàbí ọ̀gá kó owó àti ohun ọ̀ṣọ́ wọn tì pa lójú wa, ohun tá a bá sì rí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ì báà ṣe náírà mẹ́wàá, inú ọ̀rá kan là ń kó o sí, a máa kà á fún wọn nígbà tá a bá ń lọ. Ohun tá a bá rí nílé ẹni, ẹnu wa ò sọ ọ́ níta.

Àǹtí mi kan fi ọdún mọ́kànlá gbá ọ́fíìsì ní London, aago mẹ́rin ìdájí ló ń wọ bọ́ọ̀sì láti Peckham, ó sì fi owó yẹn rán ọmọ mẹ́ta lọ sí yunifásítì. Ó sọ fún mi pé kí wọ́n tó jẹ́ kóun gbá ilẹ̀ kankan lọ́hùn-ún, wọ́n kọ́kọ́ jókòó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń ka àmì tó wà lára ike kẹ́míkà, òfin wọn tó ń jẹ́ COSHH, tọdún 2002, ló ní kí wọ́n kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ tó bá ń fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí, torí níbí, ọmọbìnrin tí wọ́n mú wá láti abúlé láná, bílíìṣì ni wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́ láàárọ̀ ọ̀la, wọn ò ní fún un ní gílọ́ọ̀fù, tí ọwọ́ ẹ̀ bá bó wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ ọ̀dọ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka apá bílíìṣì òkè yẹn fún un ní èdè tó gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ mú onílé kiri yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkan, kó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ẹ tún un ṣe lójú ẹ̀, kó san tó kù kẹ́ ẹ tó bọ́ sí géètì. Ẹ padà sílé, ẹ fọ àwọn aṣọ ìnuǹkan yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pupa lọ́tọ̀, omi gbígbóná àti ọṣẹ nìkan, ẹ má fi omi tó ń mú aṣọ rọ̀ sí i torí kò ní lè fa omi mọ́, ẹ sá wọn sójú atẹ́gùn, ẹ dojú mọ́ọ̀pù sókè kó gbẹ. Ẹ wo abẹ tó kù, ẹ wo gílọ́ọ̀fù tó ti já, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ máa rà sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, torí ọjà kì í sún mọ́ ibi iṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀.